Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó San Owó Ìpè Ilé-Iṣẹ́?

Ní ọdún 2006, mo jẹ́ akọ̀ròyìn fún ìwé ìròyìn Yorùbá kan ní Àkúrẹ́. Olú ilé-iṣẹ́ wa wà ní Èkó, àwọn ẹ̀ka wa sì wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ ní ojú ọ̀nà Oǹdó sí Àkúrẹ́, èèyàn méjì sì kú. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ́fíìsì wa, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí a ti máa ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sì ti ti ilẹ̀kùn. Mo fa fóònù mi yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn náà sí etí ẹni tí ó ń tẹ̀ ẹ́ ní Èkó. Ohùn ń wọlé, ohùn ń jáde. Bí mo ti dé ibi iye àwọn tí ó kú ni owó orí fóònù mi tán. Àwọn tí ń ta káàdì ti lọ sílé, ẹni tí ó wà ní Èkó kò sì ní owó lórí fóònù tirẹ̀ tí yóò fi pè mí padà.

Ìwé ìròyìn jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní èèyàn méje ni ó kú. Kí oòrùn tó mú, àwọn ìdílé tí èèyàn wọn rin ọ̀nà náà ní ọjọ́ àná ti kún ẹnu ọ̀nà ilé ìgbókùúsí, wọ́n ń wá òkú márùn-ún tí kò sí.

Wọ́n bá mi wí gidigidi ní ilé-iṣẹ́. Wọ́n ní n kò pe méjì kí ó dún ketekete. Òótọ́ ni pé nínú ariwo fóònù tí kò já gaara, méjì àti méje kò jìnnà sí ara wọn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìpàdé tí a ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà, kò sí ẹni tí ó béèrè pé ta ni ó ra káàdì tí ó tán. Èmi ni. Ilé-iṣẹ́ kò sì dá kọ́bọ̀ padà fún mi rí lórí ìpè tí mo ń pè fún un.

Ohun tí ó mú mi rántí ìtàn yìí ni pé ìwà náà kò tíì kúrò láàárín wa. Ẹ wọ inú ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí tí ó ní ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yálà ti oògùn, ti ohun èlò ilé kíkọ́, ti ọkọ̀ akérò tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Ẹ óo rí olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ní Ìbàdàn tí ó ń fi káàdì ara rẹ̀ pe olùṣírò owó ní Èkó láti béèrè bóyá oníbàárà kan ti sanwó. Ẹ óo rí akọ̀wé ní Abẹ́òkúta tí ọ̀gá rẹ̀ ṣán an ní ìpè lẹ́ẹ̀kan, tí ìyẹn túmọ̀ sí pé kí òun akọ̀wé pè é padà. Nígbà tí àjọ NCC, tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fi àyè gba àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ní oṣù kìíní ọdún 2025 láti fi owó kún owó ìpè àti dátà dé ìwọ̀n ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo wa pariwo nítorí àpò ìdílé. Ṣùgbọ́n èló nínú owó káàdì tí òṣìṣẹ́ ń rà ni ó jẹ́ ti ìdílé rẹ̀, èló ni ó jẹ́ ti ẹni tí ó gbà á síṣẹ́? A kò bi ara wa.

Èrò mi ni pé ilé-iṣẹ́ tí ó bá ní ju ọ́fíìsì kan lọ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ tí àwọn ọ́fíìsì náà yóò máa gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí òṣìṣẹ́ má sì san owó ibodè lójú ọ̀nà yẹn. Ohun èlò rẹ̀ wà lọ́jà, kò sì wọ́n tó bí àwọn ọ̀gá ṣe rò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé ohun èlò náà díẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é ní gateway. Èmi yóò máa pè é ní ẹnubodè, nítorí pé iṣẹ́ tí oníbodè ń ṣe ní ẹ̀bá odi ìlú láyé àtijọ́ ni ó ń ṣe gan-an. Ó jẹ́ àpótí kékeré tí ó kọjú sí ọ̀nà méjì. Ojú kan rẹ̀ wà fún tẹlifóònù tí a mọ̀: okùn tẹlifóònù orí tábìlì, ìlà tí ó ti ìta wá, tàbí síìmù bí irú èyí tí ó wà nínú fóònù alágbèéká. Ojú kejì rẹ̀ kọ sí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀ sínú fóònù ní Èkó, ẹnubodè yóò gé ohùn náà sí wẹ́wẹ́, àádọ́ta ègé nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Yóò di ègé kọ̀ọ̀kan sínú àpò, yóò kọ ibi tí ó ń lọ sí i lára, yóò sì jù ú sójú ọ̀nà. Ẹnubodè tí ó wà ní Ìbàdàn yóò gba àwọn àpò náà, yóò tò wọ́n bí ó ti yẹ, yóò sì sọ wọ́n di ohùn padà. Láàárín ẹnubodè méjèèjì, kò sí ilé-iṣẹ́ fóònù tí ń ka ìṣẹ́jú. Íntánẹ́ẹ̀tì tí ilé-iṣẹ́ ti sanwó rẹ̀ fún oṣù náà ni ó gbé ọ̀rọ̀ lọ.

Bí a bá tò ó dáadáa, nọ́ńbà àwọn tí ó wà ní Èkó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, ti Ìbàdàn pẹ̀lú 2, ti Àkúrẹ́ pẹ̀lú 3. Olùṣírò owó ní Èkó yóò kàn tẹ 214, fóònù orí tábìlì olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ní Ìbàdàn yóò sì dún bí ẹni pé yàrá kejì ni ó wà. Oníbàárà tí ó pe ọ́fíìsì Àkúrẹ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ mọ́ Èkó, kò ní gbọ́ pé kí ó lọ kọ nọ́ńbà mìíràn sílẹ̀. Wọn yóò darí rẹ̀ síbẹ̀ lórí ìpè kan náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irú nǹkan báyìí yóò jẹ dátà tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn tí a kò fún pọ̀ rárá, lórí ìlànà tí wọ́n ń pè ní G.711, ń gba kìlóbíìtì 64 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá fi ìwúwo àpò rẹ̀ kún un, ó di nǹkan bí 80. Èyí já sí pé bí òṣìṣẹ́ mẹ́wàá bá ń bá ẹ̀ka mìíràn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ kò tó mẹ́gábíìtì kan ní àlọ, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ní àbọ̀. Ìlànà mìíràn wà, G.729, tí ń fún ohùn pọ̀ títí yóò fi di kìlóbíìtì 8 péré, ṣùgbọ́n àpò rẹ̀ kò dín kù, 16 ni ó ṣì jẹ́. Àpò wá wúwo ju ẹrù inú rẹ̀ lọ, bí ẹni tí ó kó ẹ̀pà sínú àpótí irin. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìlànà kejì yìí tàn yín pé yóò dín ìnáwó kù sí ìdá kan nínú mẹ́jọ.

Ẹ̀rọ tí ń pín ìpè sí àwọn nọ́ńbà inú ilé kò fi dandan jẹ́ ohun tí a ó fi owó ńlá rà. Ní ọdún 1999, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Mark Spencer, dá ilé-iṣẹ́ kékeré sílẹ̀. Iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ tẹlifóònù ọ́fíìsì ju agbára rẹ̀ lọ, ni ó bá jókòó, ó kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Asterisk ni ó pè é, ó sì fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Títí di òní, kọ̀ǹpútà lásán tí kò tún lágbára púpọ̀ lè gbé e fún ilé-iṣẹ́ tí kò tóbi. Àwọn ẹnubodè òde òní sì ń sọ èdè kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní SIP. Nítorí náà, èyí tí ẹ rà ní Computer Village ní Ìkẹjà lè bá èyí tí ẹlòmíràn rà ní òkè-òkun sọ̀rọ̀, bí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n tilẹ̀ yàtọ̀ síra.

Kí ni ó dé tí àwọn ọ̀gá wa kì í fi í ronú nípa èyí? Mo rò pé ìrírí àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ó dàgbà tó rántí NITEL, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1985. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìlà kan yóò dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ìlà náà bá sì dé, olè lè gé okùn bàbà rẹ̀ lọ tà ní òru ọjọ́ kan. Nígbà tí ọdún 2001 fi dé, ìlà tẹlifóònù tí ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan, nínú orílẹ̀-èdè tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Fóònù alágbèéká dé ní oṣù kẹjọ ọdún náà, a sì jó, a yọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti tú wa sílẹ̀ ni ó tú ilé-iṣẹ́ ká. Ọ́fíìsì tí ó ní nọ́ńbà kan tẹ́lẹ̀ wá di ọ́fíìsì tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò sì ní ọ̀kankan.

Mo mọ èsì tí yóò kọ́kọ́ wá sẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn: “WhatsApp ńkọ́?” WhatsApp dára, èmi náà ń lò ó lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ta ni ó wà lórí rẹ̀? Bí òṣìṣẹ́ tí ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́fà bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí, gbogbo wọn yóò bá a lọ. Kò jí wọn. Inú fóònù rẹ̀ ni wọ́n wà, ilé-iṣẹ́ ni kò kó wọn sí ibòmíràn. Ẹ wo òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú. Obìnrin tí ó wà nílé pẹ̀lú ọmọ tuntun, tí oníbàárà ṣì ń pè ní aago mẹ́wàá alẹ́ nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ sára ìwé ìsanwó, ẹ̀ṣẹ̀ kí ni ó ṣẹ̀?

Ẹ má ṣe rò pé mo ń ta ọjà fún ẹnikẹ́ni. Mo ti rí i tí nǹkan yìí kùnà, ojú mi ni ó sì ṣe. Ní ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo wà nígbà náà ra ẹnubodè fún ẹ̀ka mẹ́ta. Inú wa dùn. Kí oṣù kẹjọ tó pé, àwọn àpótí náà ti wà lábẹ́ tábìlì, wọ́n ń fi wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó pa á ni ọ̀nà tí ohùn ń gbà. Íntánẹ́ẹ̀tì wa nígbà náà ti inú sátẹ́láìtì wá, sátẹ́láìtì náà sì wà ní òkè tí ó ju kìlómítà 35,000 lọ. Kí ọ̀rọ̀ tó gòkè kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan ti lọ, kí a tó ka ìdádúró orí ilẹ̀. Àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, ITU, gbà pé bí ìdádúró kò bá kọjá ìdá 150 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yóò já gaara. Tiwa kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Èmi yóò sọ̀rọ̀, olóòtú kò ní gbọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì yóò kọlu ara wọn lójú sánmà, àwa méjèèjì yóò sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti àwọn ayàwòrán wa ní Èkó, tí wọ́n ń fi ọ̀nà tóóró kan náà fa àwòrán ńláńlá wọlé. Ohùn wá há sí àárín wọn bí ọkọ̀ agbálàìsàn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọjọ́ọ̀ta. Ẹ̀rọ tí ń darí íntánẹ́ẹ̀tì ṣeé tò kí ó máa yà fún ohùn ṣáájú àwòrán. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Kò sí ẹni tí ó ṣe é.

Iná mànàmáná tún wà níbẹ̀. Tẹlifóònù NITEL, pẹ̀lú gbogbo àbùkù rẹ̀, ń gba iná lára okùn tí ó ti ilé-iṣẹ́ wọn wá, nítorí náà ó lè dún nínú òkùnkùn. Ẹnubodè kò ní irú ànfààní yẹn. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń pa jẹnẹrétọ̀ ní ẹ̀ka wa láti dín owó epo kù, aago mẹ́fà yẹn gan-an sì ni ìròyìn ń gbóná. Báyìí ni ẹ̀rọ tí a rà nítorí ìròyìn alẹ́ ṣe ń sùn ní alẹ́. Iná tí àpótí náà ń jẹ kò sì ju ti gílóòbù kékeré kan lọ. Bátìrì kan ìbá ti gbé e di òru.

Èyí tí ó wá ro mí lọ́kàn jù ni pé ẹni tí ó wá gbé e kalẹ̀ nìkan ni ó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Nígbà tí àríyànjiyàn dé lórí owó tí ó kù tí wọn kò san fún un, ó gba ibi tí ó ti wá lọ, kọ́kọ́rọ́ wa sì bá a lọ.

Nǹkan ti yàtọ̀ lónìí. Okùn fáíbà ti dé ọ̀pọ̀ ìlú, ìdádúró láàárín Ìbàdàn àti Èkó lórí rẹ̀ kéré débi pé etí kò lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n katakata tí ń la ọ̀nà lè gé fáíbà nígbàkúgbà, nítorí náà ọ́fíìsì tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀nà kan ṣoṣo yóò pàdánù íntánẹ́ẹ̀tì àti fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yẹ kí ọ̀nà kejì wà láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ dátà 4G lásán, kí síìmù kan sì wà nínú ẹnubodè fún ọjọ́ tí méjèèjì bá kọṣẹ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí ń ta ètò ìpè tí ó wà lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn kì í sábà sọ. Níbo ni ẹ̀rọ náà wà? Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já ní agbègbè Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì dá gìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan àwọn báǹkì wa. Ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ìpè rẹ̀ bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lè má lè pe Dùgbẹ̀ láti Ìkẹjà, nítorí pé ìpè náà ní láti kọ́kọ́ la òkun kọjá kí ó tó padà wálé. Ọ̀rọ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkó kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe nínú òkun. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ti àwọn olè kò ṣeé fojú fò. Tọ̀sántòru ni wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà wá ẹnubodè tí wọ́n fi sílẹ̀ gbayawu lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá èyí tí ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó bá a ti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é wá ṣì wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá wọlé, wọn yóò fi ìlà yín pe àwọn nọ́ńbà òkè-òkun tí owó wọn ga, tí àwọn fúnra wọn sì ń pín nínú owó náà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí ó fi ṣí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, owó ìpè oṣù mẹ́ta tí ó ti san sílẹ̀ ti gbẹ. Kò pe òkè-òkun rí ní ọjọ́ ayé ilé-iṣẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ kò ti ọ̀nà ìpè òkè-òkun. Ọ̀nà àdáni tí a ti ti ìta rẹ̀ pa, tí wọ́n ń pè ní VPN, ni ó yẹ kí àwọn ẹ̀ka máa gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Òfin pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ní ọdún 2018, NCC fìyà jẹ àwọn ilé-iṣẹ́ kan lórí ìpè láti òkè-òkun tí wọ́n fi nọ́ńbà abẹ́lé bò lójú. Kíkó síìmù jọ sínú ẹ̀rọ láti máa gbé irú ìpè bẹ́ẹ̀ fún owó kò jọ síso ọ́fíìsì ẹni pọ̀ mọ́ra wọn rárá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ méjèèjì jọra lójú. Kí ilé-iṣẹ́ gba ìlà ìta rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ, kí ó sì má gbé ìpè ẹlòmíràn. Bí ó bá sì ń gba ohùn àwọn oníbàárà sílẹ̀, òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 wà tí ó gbọ́dọ̀ kà.

Ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ lè má nílò gbogbo èyí. Síìmù kan tí ilé-iṣẹ́ ra, tí ilé-iṣẹ́ ń kún, tí kì í bá ẹnikẹ́ni relé, ti tó o. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀ka mẹ́rin, tí ó ń ra jíìpù fún alákòóso kọ̀ọ̀kan, ni n kò lè gbọ́ àwáwí rẹ̀.

Ẹ̀ka Àkúrẹ́ ti ìwé ìròyìn tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ ṣì wà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá wọn sọ, mo sì pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára pátákó ẹnu ọ̀nà wọn. Ọkùnrin kan gbé e. Mo kí i, mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Ó ní òun ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, pé òun ti bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n pa nọ́ńbà òun rẹ́ lára pátákó náà, àti pé bí mo bá rí wọn, kí n bá òun sọ fún wọn.